Sọ̀fíyọ̀ Ń Wá Ọ̀bẹ

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni Bàbá Ọ̀pá sọ, òun náà ló sì ba odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jẹ́ mọ́ Sọ̀fíyọ̀ lọ́wọ́.

Ilẹ̀ ni obìnrin náà ń wọ̀n. Ó ti ń ṣe é bọ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlógún, débi pé àwọn ará ilé rẹ̀ gan-an kì í pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Sọ̀fíyọ̀ ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Bàbá Ọ̀pá ní tirẹ̀ ni àgbà òṣìṣẹ́ tó máa ń gbé ọ̀pá ìwọnlẹ̀ dúró síbi tí Sọ̀fíyọ̀ bá nàka sí. Ọjọ́ orí rẹ̀ tó ti ẹni tó lè bí i, ṣùgbọ́n lẹ́nu iṣẹ́, "Ọ̀gá mi" ló máa ń pè é, "ẹ" ló sì fi ń bá a sọ̀rọ̀, bó ti wù kí obìnrin náà bẹ̀ ẹ́ tó pé kó yé ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì nìkan ni wọ́n jáde. Ẹnì kẹta wọn, tó máa ń fi àdá la ọ̀nà níwájú, ibà ti dá a dùbúlẹ̀ sílé. Wọ́n gbé ọkọ̀ sílẹ̀ níbi tí ọ̀nà ọkọ̀ parí sí, wọ́n fẹsẹ̀ rìn fún nǹkan bíi wákàtí kan wọnú igbó. Òpó ààlà kejì ni wọ́n ṣì ń wá tí Bàbá Ọ̀pá fi kígbe "Yéè!" Nígbà tí Sọ̀fíyọ̀ máa yíjú padà, bàbá ti jókòó sílẹ̀, ó ti fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn ẹsẹ̀ mú. Tàkúté ni. Wáyà ni ọdẹ tó dẹ ẹ́ lò, ó so ó mọ́ igi kékeré kan tó nípọn tó ọrùn ọwọ́ ènìyàn. Bí bàbá ṣe ń fa ẹsẹ̀ ni wáyà náà ń fún un sí i.

Sọ̀fíyọ̀ da àpò rẹ̀ délẹ̀. Kí ló bọ́ síta? Àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n ká, ìwé àkọsílẹ̀ méjì, bírò mẹ́rin, agboòrùn, téèpù, ìgò omi, àti fóònù tí kò rí nẹ́tíwọ̀kì kankan. Kò sí ohun mímú kan níbẹ̀.

"Bàbá, àdá dà?"

"Á jẹ́ pé inú ọkọ̀ ló wà," ni bàbá wí, ó sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Bí Sọ̀fíyọ̀ bá sáré lọ mú un, wákàtí méjì ni àlọ àtàbọ̀, ẹsẹ̀ náà sì ti ń wú lójú wọn níbẹ̀. Ó fi eyín fa wáyà. Ó fi òkúta lù ú. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ wọ́ ọ, kọ́kọ́rọ́ náà dá sí méjì. Nígbà tó yá, ó mú ọ̀kan látinú àpò bàbá nínú àwọn ìṣó gígùn tí wọ́n fi ń sàmì sílẹ̀, ó tì í bọ ibi tí wáyà ti lọ́ mọ́ra, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀. Òógùn ń kán sí i lójú, bàbá ń kérora lábẹ́nu, títí ìdè náà fi tú. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ló gbà wọ́n.

Ìgbà tí ẹsẹ̀ jáde tán ni bàbá wo gbogbo ẹrù tó fọ́n ká orí koríko, ó mirí, ó ní:

"Ọmọ mi, pẹ̀lú gbogbo ìwé yìí, o ò ní ọ̀bẹ kan ṣoṣo?"

Kò pè é lọ́gàá. Kò fi "ẹ" kún un. Ọ̀rọ̀ náà wọ Sọ̀fíyọ̀ lákínyẹmí ara. Ó fi èjìká ti bàbá lẹ́yìn dé ibi tí ọkọ̀ wà. Nígbà tó ń ṣílẹ̀kùn, ó rí àdá tó nà gbalaja sábẹ́ ìjókòó bí ẹni ń sùn, inú tún bí i sí ara rẹ̀ sí i. Nílé ìwòsàn, wọ́n ní egungun kò ṣẹ́, àmọ́ kí bàbá má fi ẹsẹ̀ náà ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ta ló fẹ́ dá lẹ́bi? Òun ni ọ̀gá, òun ló yẹ kó yẹ ẹrù wò kí wọ́n tó kúrò nídìí ọkọ̀. Ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ láàárọ̀ nìyẹn, òun náà ló ń sọ lọ́sàn-án. Ó ń pe bàbá lórí fóònù, ó ń béèrè ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè lọ wò ó nílé. Ojú ń tì í. Ó pinnu pé òun kò ní dé iwájú bàbá yẹn láìjẹ́ pé ọ̀bẹ gidi wà lápò òun.

Ibi tó ti kọ́kọ́ ṣàṣìṣe ni pé ó sọ ọ́ sétí àbúrò rẹ̀.

Tíṣà ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Nínú ẹbí, Mo-Ti-Rí-I ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí nǹkan láyé yìí tí kò tíì rí fídíò rẹ̀. Kò tíì sun inú igbó rí, àmọ́ ó mọ bí wọ́n ṣe ń sùn níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má wulẹ̀ dààmú," ló wí. "Ọ̀bẹ nìkan kọ́ lẹ nílò. Èyí tí wọ́n pa gbogbo irinṣẹ́ pọ̀ sójú kan ni. Mo ti rí i. Iṣẹ́ mọ́kànlélógún ló ń ṣe!"

Kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, ó ti bá a ra ọ̀kan, ó fi ránṣẹ́. Nǹkan náà wúwo bí òkúta. Sọ̀fíyọ̀ jókòó sídìí tábìlì ìjẹun, ó ń ṣí i wò. Ọ̀bẹ wà níbẹ̀, ayùn, ẹ̀mú, àlùmọ́gàjí, sikúrúdiráfà mẹ́ta, ohun ìṣí agolo, ohun tí wọ́n fi ń ha ìpẹ́ ẹja, àti rúlà kan tí kò gùn ju ìka àárín lọ. Rúlà! Ta ló ní kí wọ́n bá sọ̀fíyọ̀ wá rúlà?

Kí ó tó lè fa ọ̀bẹ yọ, ó ní láti kọ́kọ́ ya gbogbo rẹ̀ sí méjì, kó yí apá méjèèjì padà, kó wá fi èékánná wá ojú ihò tóóró kan. Ìgbà àkọ́kọ́, ayùn ló jáde. Ìgbà kejì, ayùn àti ohun ìṣí agolo jọ jáde. Ìgbà kẹta, èékánná rẹ̀ ló ya. Nígbà tó ń tì í padà, apá méjèèjì pa awọ ọwọ́ rẹ̀ pọ̀, ó fò sókè, ó pòṣé. Lọ́jọ́ kejì, ó mú un lọ síbi iṣẹ́ láti fi yí síkúrù ara irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n máa ń gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ lé. Síkúrù kò mira. Sikúrúdiráfà ló lọ́ bí àbẹ́là tí oòrùn pa.

Ó tẹ àbúrò rẹ̀ láago lójú ẹsẹ̀.

"Ó ti lọ́!"

"Ẹ̀ ń lò ó sódì ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìwọ ti lò ó rí?"

"Mo ti rí bí wọ́n ṣe ń lò ó."

Sọ̀fíyọ̀ pa fóònù, kó tó sọ ohun tí ìyá wọn kò ní fẹ́ gbọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó wọ ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta bàtà igbó àti àgọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níbẹ̀ lẹ́nu dídùn ju ti alágbàwí lọ. Ó gbé ọ̀bẹ kan jáde látinú àkọ̀ aláwọ dúdú. Ọ̀bẹ náà gùn tó ìgbọ̀nwọ́, ó ní eyín ní ẹ̀yìn bí ayùn, atọ́ka àríwá wà nídìí èèkù rẹ̀, ìṣáná sì wà nínú èèkù náà.

"Àǹtí mi, bí wọ́n bá jù yín sáàárín igbó pẹ̀lú eléyìí lónìí, ẹ máa sanra kí ẹ tó jáde."

"Ṣé ó wọ àpò?"

"Àpò kẹ̀? Ìbàdí lẹ ó so ó mọ́. Bí ẹranko bá rí yín, òun ni yóò máa kí yín."

Sọ̀fíyọ̀ mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé kò sí ẹranko tí òun fẹ́ kí òun. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti sú u, ẹsẹ̀ bàbá tó wú sì ń hàn sí i ní gbogbo ìgbà tó bá di ojú. Ó rà á.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nínú bọ́ọ̀sì, obìnrin tó jókòó tì í rí èèkù ọ̀bẹ tó yọ orí létí àpò rẹ̀. Obìnrin náà dìde, ó lọ dúró lẹ́yìn bọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ibìkan tó ṣófo níbẹ̀. Nígbà tí Sọ̀fíyọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, ẹ̀ṣọ́ tó ti ń kí i fún ọdún mẹ́jọ wo inú àpò, ó wo ojú rẹ̀, ó tún wo inú àpò.

"Sọ̀fíyọ̀, ọ̀bẹ rèé."

"Mo mọ̀ pé ọ̀bẹ ni."

"Ọ̀bẹ yìí kọjá ọ̀bẹ. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo máa ń lọ sínú igbó, ẹ̀yin náà kúkú mọ̀."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n òní kọ́ lẹ ń lọ sínú igbó. Ìpàdé lẹ bá wá." Ó fa ìwé ẹnu ọ̀nà jáde, ó tutọ́ sí ìka, ó ṣí i, ó ń kọ ọ́, ó sì ń ka ohun tó ń kọ sókè ketekete kí àwọn tó wà lórí ìlà lẹ́yìn lè gbọ́: "Ọ̀bẹ... ńlá... kan. Ó léyín."

Kó tó di ọ̀sán, gbogbo ilé ti gbọ́. Ẹni tó ń tẹ̀wé ń rìn yí i ká bí ẹni ń kọjá lára ajá. Ọ̀gá àgbà pè é wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó rọra bi í pé, "Jọ̀ọ́, ṣé ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ ọ́ nínú ọ́fíìsì yìí? Sọ fún mi, a lè yanjú ẹ̀." Sọ̀fíyọ̀ ní kò sẹ́ni tó ṣẹ òun. Ó padà sídìí tábìlì rẹ̀, ó dorí kodò. Àwòrán ilẹ̀ tó yẹ kó parí lọ́jọ́ Ajé ṣì wà níwájú rẹ̀ láìparí. Obìnrin tó mọ bí wọ́n ṣe ń pín ilẹ̀ láìfi ìka kan ṣìnà, òun ni ọ̀bẹ lásán sọ di aláìmọ̀kan yìí.

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ kẹta, ó yan wáyà kan tó gùn tó ìka mẹ́ta, irú èyí tó mú bàbá, ó tì í sápò, ó lọ síbi tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́. Kò bá ẹnikẹ́ni dámọ̀ràn. Ó pa fóònù pàápàá.

Ìyá àgbà kan ló ni ṣọ́ọ̀bù tó wọ̀. Awò ojú rẹ̀ wà lọ́rùn, ó fi okùn so ó kọ́. Ó ń fi ọ̀bẹ kékeré kan la pálí, ó ń kó ìṣó jáde. Kí ìyá náà tó lè kí i, Sọ̀fíyọ̀ ti gbẹ́nu lé e:

"Ẹ káàsán mà. Ọ̀bẹ ni mo wá rà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má sọ iye iṣẹ́ tó ń ṣe fún mi. Ẹ má sọ pé kìnnìún máa sá. Mo sì fẹ́ dán an wò kí n tó gbé e."

Ìyá náà gbé awò sójú, ó wò ó dáadáa. "Ta ló fi ọ̀bẹ ṣe ọ́ níbi?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Sọ̀fíyọ̀, ó ṣu ojú rẹ̀ pọ̀. Ó jókòó sórí àpótí kan, ó sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì gbé wáyà náà lé orí káńtà.

Ìyá náà mú wáyà, ó yí i wò. "Ọ̀bẹ kankan nínú ilé yìí kò lè gé eléyìí. Bó o bá fi ọ̀bẹ gé e, ojú ọ̀bẹ ló máa ya."

"Ẹ ní kí ni?"

"Ọ̀bẹ kì í gé wáyà. Ẹ̀mú ló ń gé e. Tàbí kó o fi àdá bẹ́ igi tí wọ́n so ó mọ́."

Sọ̀fíyọ̀ la ẹnu sílẹ̀. Ó ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá ohun tí kì bá tí gbà wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an. "Ìyẹn ni pé, ká ní ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ mi..."

"Ẹ̀ bá ṣì wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ jọ máa fọwọ́ lẹ́rán." Ìyá náà rí bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbọ́, ọmọ mi. Gbogbo ẹni tó bá wọlé síbí, ọjọ́ burúkú kan ló ń ra nǹkan dè. Ọjọ́ burúkú yẹn kì í wá bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Kí lò ń fi ọwọ́ yẹn ṣe ní ọjọ́ tí kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀?"

Sọ̀fíyọ̀ ronú. Ó máa ń gé okùn tí wọ́n fi di èèkàn. Ó máa ń gbẹ́ orí èèkàn kó lè ṣóńṣó. Síkúrù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta máa ń tú. Òpó ààlà máa ń ní wáyà ògbólógbòó lára tó ní láti yọ kúrò. Nígbà mìíràn, ọsàn ló fẹ́ bó.

"Ó dáa. Ìyẹn ni ká wá ohun tó bá a mu."

Ìyá náà kó irinṣẹ́ mẹ́ta tó ní ọ̀bẹ àti ẹ̀mú kalẹ̀. Ó ní kí ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo ṣí ọ̀bẹ ara wọn, nítorí ọwọ́ kejì sábà máa ń di nǹkan mìíràn mú. Èyí àkọ́kọ́ kọ̀, ó fẹ́ ọwọ́ méjì; wọ́n tì í sápá kan. Ó ní kí ó ṣí ọ̀bẹ èkejì, kó fi ẹ̀yìn rẹ̀ gún káńtà. Ọ̀bẹ náà kákò padà, díẹ̀ ló kù kó gé ìka rẹ̀. "O rí i? Kò ní ohun tó ń dì í mú. Èyí á jẹ ọ́ níka lọ́jọ́ kan." Ẹ̀kẹta ṣí wẹ́rẹ́, ó dún "kà," ó sì dúró gbọn-in bí Sọ̀fíyọ̀ ti wù kó tì í tó. Ó fi ẹ̀mú rẹ̀ pa wáyà. Wáyà já sí méjì, ọ̀kan ta lọ sábẹ́ àpótí ìṣó. Sikúrúdiráfà kan ṣoṣo ló ní, ó kúrú, ó nípọn, kò sì lọ́. Iṣẹ́ mẹ́fà péré ni gbogbo rẹ̀. Kò sí rúlà lára rẹ̀.

"Kì í ṣe òun ló dára jù láyé o," ni ìyá náà wí. "Ayùn rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí omi bá kàn án, o gbọ́dọ̀ nù ún, kó o kán epo sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á dípẹtà. Tó o bá sì ń lọ sọ́fíìsì, fi í sílé."

Sọ̀fíyọ̀ kọ́kọ́ ṣí i, ó pa á dé, ó tún ṣí i. Inú rẹ̀ kò dùn bó ṣe rò pé yóò dùn. Bí ẹni tó sáré títí tó wá rí i pé ẹnu ọ̀nà ilé òun gan-an ni òun ti ń sáré láti àárọ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí lára rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó lọ sílé Bàbá Ọ̀pá. Yàrá kan àti pálọ̀ ni, ó mọ́ tónítóní. Bàbá gbé ẹsẹ̀ lé àpótí kékeré, ìyàwó rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ń rán bọ́tìnì mọ́ ẹ̀wù. Wọ́n kí ara wọn tán, Sọ̀fíyọ̀ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gùn. Ó fa nǹkan náà yọ, ó fi lé bàbá lọ́wọ́.

"Bàbá, mo ti rà á."

Bàbá fi ọwọ́ kan ṣí ọ̀bẹ, ó pa á dé, ó fi ẹ̀mú gé afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. "Ó dára," ló wí. "Ó dára gan-an." Ṣùgbọ́n kò wo ojú rẹ̀.

Láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ìyàwó bàbá ní, "Ẹ sọ fún un."

"Kí n sọ kí ni?"

"Ẹ sọ fún ọmọ ọlọ́mọ, kí n tó bá yín sọ ọ́."

Bàbá gbé irinṣẹ́ náà sílẹ̀ lórí itan rẹ̀. Ó fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ọ̀gá mi, ṣé ẹ rántí pé ẹ bi mí nídìí ọkọ̀ pé ṣé ẹrù pé?"

Sọ̀fíyọ̀ kò rántí. Ní ọjọ́ náà, ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ti pa gbogbo ìyókù rẹ́ lọ́kàn rẹ̀.

"Ẹ bi mí. Mo ní ó pé. Mo rí àdá náà nílẹ̀ o. Èjìká ló ń dùn mí, mo sì rò pé pápá gbalasa la ń lọ. Mo fẹsẹ̀ tì í sábẹ́ ìjókòó kẹ́ ẹ má bàa rí i."

Ìyàwó bàbá já òwú.

"Bàbá," ni Sọ̀fíyọ̀ wí, "ẹ̀yin lẹ wí pé pẹ̀lú gbogbo ìwé yẹn, n ò ní ọ̀bẹ kan ṣoṣo."

"Èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Bàbá! Èékánná mi ya! Wọ́n kọ mí sínú ìwé ẹnu ọ̀nà bí olè! Ọ̀gá àgbà ń bi mí bóyá mo fẹ́ pa ènìyàn! N ò lè wá kí yín, nítorí ojú ń tì mí, ẹ̀yin sì jókòó síbí, ẹ̀ ń..."

Kò parí rẹ̀. Ó dìde, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Aládùúgbò kan tó ń sá aṣọ kí i, kò gbọ́. Ó fẹ́ máa lọ sílé. Ó rò ó pé bí òun bá lọ báyìí, òun kò ní padà wá mọ́, ìgbà tí iṣẹ́ igbó bá sì tún dé, ta ni yóò gbé ọ̀pá dúró tí ojú ọ̀pá kò ní mì? Inú tún bí i pé òun rántí iṣẹ́ lásìkò yìí. Ó padà wọlé.

Bàbá ti sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ látorí àpótí, ó ti ń gbìyànjú láti dìde wá bá a.

"Ẹ jókòó," ni Sọ̀fíyọ̀ wí.

"Ojú ló tì mí," ni bàbá wí. "Ẹsẹ̀ ń ro mí, ojú ń tì mí, ẹnu mi wá ń wá ibi tó máa sá sí. Ọ̀dọ̀ yín ló sá sí. Ẹ má bínú, ọ̀gá mi."

"Ẹ má pè mí lọ́gàá."

Bàbá jókòó padà. "Má bínú, ọmọ mi."

"Mo ṣì ń bínú o."

"O lẹ́tọ̀ọ́ sí i."

Ìyàwó bàbá dìde, ó bu omi tútù wá, ó fi lé Sọ̀fíyọ̀ lọ́wọ́, kò bẹ̀ ẹ́, kò sì bá ọkọ rẹ̀ wí mọ́. Sọ̀fíyọ̀ mu ún tán pátápátá. Omi náà kò pa ìbínú yẹn, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kó lè jókòó.

"Ìgbà wo lẹ̀ ń padà síbi iṣẹ́?" ló bi í.

"Ẹsẹ̀ ní di Ọjọ́bọ̀."

"Ẹ bá mi sọ fún ẹsẹ̀ pé Ọjọ́rú ni. Iṣẹ́ ti pọ̀ jù nílẹ̀."

Bàbá wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tẹ́tí bí ẹni ń gbọ́ èsì, ó ní, "Ó ní òun gbọ́."